Orí Keje: Títú Aṣọ Wò Kí A Tó Sanwó, tàbí Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Dísìkì SSD fún Kọ̀ǹpútà

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé ohun tí SSD jẹ́ àti bí ó ṣe yàtọ̀ sí háàdì dísìkì àtijọ́. Kí ó lè mọ irú èyí tí kọ̀ǹpútà kan lè gbà. Kí ó lè ka nọ́ńbà ìyára láìjẹ́ pé nọ́ńbà tàn án jẹ. Kí ó lè ṣírò bí ọjọ́ ayé dísìkì yóò ti gùn tó. Kí ó sì lè dán dísìkì tuntun tàbí tòkunbọ̀ wò kí ó tó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́.

1. Ẹ̀kọ́ láti ìdí igbá aṣọ

Brobo jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, níhà ìlà-oòrùn Bouaké, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Láti ọdún 1912 tí ojú irin Abidjan ti dé Bouaké ni ìlú ńlá náà ti di oríta tí àwọn oníṣòwò ìhà gbogbo ti ń pàdé. Àwọn Yorùbá, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anango, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti Èjìgbò wá tàbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ti ibẹ̀ wá, kò gbẹ́yìn nínú ìpàdé náà. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí igbá aṣọ rí nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò ti mọ bí àgbà oníbàárà ti ń ra aṣọ. Kì í wo apá tí a ká sókè nìkan, nítorí ó mọ̀ pé apá tí ó lẹ́wà jù lọ ni ọlọ́jà máa ń ká sókè. Yóò tú aṣọ náà, yóò nà án gba apá méjèèjì kí ó lè mọ̀ bí ó ti gùn tó, yóò gbé e sójú oòrùn kí ó lè mọ̀ bóyá ó fẹ́lẹ́, yóò fi ìka tútù ra ojú rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí, lẹ́yìn gbogbo èyí ni yóò tó béèrè iye tí a ń tà á. Àwọn baba wa sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nínú orí yìí, àwa náà yóò rí i pé nọ́ńbà ńlá tí a kọ sára páálí kọ́ ni dísìkì rere.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó wà lágbègbè náà, ìbáà ṣe ti orí tábìlì nínú ilé-ìtajà tí a ti ń tẹ ìwé tí a sì ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ìbáà ṣe alágbèéká tí akẹ́kọ̀ọ́ Université Alassane Ouattara gbé kọ́ èjìká lọ sí Bouaké, ni ó ti ní olówó kan rí ní òkè-òkun kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní «France au revoir», tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá ti ń lọ́ra, tí ó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin kí ó tó jí, àtúnṣe kan ṣoṣo ló wà tí ó ń sọ ọ́ dọ̀tun ju gbogbo àtúnṣe lọ, òun náà ni pé kí a yọ háàdì dísìkì inú rẹ̀ kí a sì fi SSD rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí SSD rere wà náà ni ti ayédèrú wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, páálí wọn sì jọra. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń tú aṣọ yìí wò.

2. Òkòtó àti agboolé: bí àwọn dísìkì méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́

Háàdì dísìkì ni ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde, RAMAC ni orúkọ rẹ̀: àádọ́ta àwo tí ń yí lórí òpó kan, tí gbogbo wọn pa pọ̀ kò lè gbà ju bíi mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà lọ. Bí ó tilẹ̀ ti kéré di ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé lónìí, ìṣe baba ńlá rẹ̀ ni ó ṣì ń ṣe. Ayíbírí-bí-òkòtó ni, àwo ń yí nínú rẹ̀, apá kékeré kan sì ń lọ síwá sẹ́yìn lórí àwo náà láti wá ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ sí. Dísìkì tí ó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìdúró kí ọ̀rọ̀ tó yí dé abẹ́ apá náà, èyí tí ó jẹ́ ìdajì àkókò yíyí kan ní ìpíndọ́gba, jẹ́ nǹkan bí 5.6 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, láì tíì ka àkókò tí apá náà fi ń rìn dé ibẹ̀.

SSD ni àbúrò tí ó sáré kọjá ẹ̀gbọ́n. Kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀; a-sáré-má-gbẹ́sẹ̀ ni, a-ṣiṣẹ́-má-pariwo. Ní ọdún 1967 ni Dawon Kahng àti Simon Sze, ní ilé ìwádìí Bell Labs, fi hàn pé a lè sé iná mọ̀nàmọ́ná mọ́ inú erékùṣù kékeré kan tí ohun tí iná kò lè gbà kọjá yí ká, kí ó sì wà níbẹ̀ bí a tilẹ̀ pa ẹ̀rọ. Fujio Masuoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toshiba, ní ilẹ̀ Japan, kọ́lé lé ìpìlẹ̀ yìí, wọ́n sì fi irú tí à ń pè ní NAND han ayé ní ọdún 1987. Nígbà tí ó di ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí SanDisk lónìí ti ta SSD kan tí ó gba 20 megabáìtì, nígbà tí owó rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú NAND náà. Ẹ fi í wé ìlú tí ó kún fún agboolé ńlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀pọ̀ yàrá. A lè gba àlejò sínú yàrá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbálẹ̀ kí àlejò tuntun lè wọlé, a kò lè gbá yàrá kan nìkan, odindi agboolé ni a óò gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí SSD fi ní olùdarí, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó dà bí baálé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kó àwọn tí ó ṣì wúlò lọ sí agboolé mìíràn kí ó tó gbálẹ̀, àti láti rí i pé kò sí agboolé kan tí a ń gbá ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé gbígbá kọ̀ọ̀kan ń jẹ ògiri yàrá díẹ̀díẹ̀. Kí baálé lè mọ yàrá tí ó ti ṣófo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń rán àṣẹ tí a ń pè ní TRIM sí i nígbàkígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́; Windows 7, tí ó jáde ní ọdún 2009, mọ àṣẹ náà, ẹni tí ó bá sì ń fi SSD sínú kọ̀ǹpútà tí ètò inú rẹ̀ dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe fún ara rẹ̀.

Oríṣi yàrá mẹ́rin ni ó wà, ìkòkò omi ni a óò sì fi ṣàlàyé wọn. SLC ń tọ́jú bíìtì kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè tí ó ń bi ìkòkò kò ju pé «omi wà tàbí kò sí?» MLC ń tọ́jú méjì, ó sì ní láti mọ ìlà mẹ́rin, TLC ń tọ́jú mẹ́ta, ìlà mẹ́jọ, QLC ń tọ́jú mẹ́rin, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ èwo nínú ìlà mẹ́rìndínlógún ni omi dúró sí. Bí ìkòkò bá ń jò díẹ̀, SLC kò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí ìkòkò tí ó dín díẹ̀ ṣì jẹ́ ìkòkò tí omi wà. Ṣùgbọ́n fún QLC, ẹ̀kán omi díẹ̀ tí ó dín ti sọ lẹ́tà kan di òmíràn. Nítorí èyí ni iye ìgbà tí a lè gbá yàrá kí ó tó gbó fi ń dín kù bí a ti ń lọ: ti SLC lè tó 100,000, ti TLC máa ń wà láàárín 1,000 àti 3,000, ti QLC kì í sì í ju nǹkan bí 1,000 lọ. Àǹfààní QLC ni pé ó ń gba ẹrù púpọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó ń fi í pa fíìmù mọ́ láti máa wò kò ṣìnà, ẹni tí ó ń fi í kọ ohun tuntun látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ó yẹ kí ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

3. Ìwọ̀n kìíní: ìbáamu

Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Kí a tó béèrè bí dísìkì ti yára tó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ojú tí kọ̀ǹpútà wa yóò fi gbà á. Oríṣi mẹ́ta ni a sábà ń rí lọ́jà. Èkíní ni pẹlẹbẹ oní-íǹṣì méjì àbọ̀, tí ó nípọn tó mìlímítà 7, tí ó ń lo okùn SATA. Òun ni ó ń wọ ibi tí háàdì dísìkì alágbèéká ti kúrò, kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ náà sì lè gbà á bí a bá fi férémù kékeré kan gbé e. Èkejì ni M.2 tí ń sọ èdè SATA. Ẹ̀kẹta ni M.2 tí ń sọ èdè NVMe, èdè tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 2011 nítorí SSD gan-an. M.2 méjèèjì dà bí ìbejì: tẹ́ẹ́rẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mìlímítà 22, ó sì gùn tó mìlímítà 80, òun ni a fi ń kọ 2280 sí i lára.

Ìbejì yìí ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ojúhò kan lè gba SATA nìkan, òmíràn lè gba NVMe nìkan, òmíràn sì lè gba méjèèjì. Bí èdè dísìkì kò bá bá ti ojúhò mu, kọ̀ǹpútà kò ní rí i rárá bí ó tilẹ̀ wọ inú ihò náà dáadáa. Ìwé àlàyé kọ̀ǹpútà ni ó mọ òtítọ́, ẹ má ṣe fi ojú lásán gbà á. Ẹ tún rántí pé ẹnu ọ̀nà tí ó fún kì í jẹ́ kí ẹrù ńlá yára kọjá: SATA ìran kẹta kò lè gbà ju nǹkan bí 550 megabáìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó jẹ́ ìran kejì yóò sì dín èyí kù sí ìdajì, bí ó ti wù kí dísìkì dára tó.

4. Ìwọ̀n kejì: ìyára, àti èyí tí ó jẹ́ ti wa nínú rẹ̀

Nọ́ńbà tí a kọ gàdàgbà sára páálí ni ti ẹrù ńlá kan tí a ń gbé lọ ní ọ̀nà tààrà. Ní ti irú ẹrù bẹ́ẹ̀, háàdì dísìkì lè ṣe nǹkan bí 100 megabáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá, SSD oní-SATA lè ṣe 500, ti NVMe lórí ọ̀nà tí a ń pè ní PCIe, bí ó bá jẹ́ ìran kẹta, lè ṣe 3,500, ti ìran kẹrin sì lè ṣe 7,000. Bí a bá fẹ́ da fíìmù ayẹyẹ ìgbéyàwó tí ó tó gigabáìtì 4 kọ, èkíní yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 40, èkejì 8, ẹ̀kẹta yóò sì gbà díẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń da fíìmù kọ lóòjọ́? Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti àárọ̀, nígbà tí a bá tàn án, nígbà tí a bá ṣí ìwé tí a ń tẹ̀, nígbà tí a bá ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ni pé ó ń ṣa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrù wẹ́wẹ́ tí ó fọ́nká, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀pà ilẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Níbí ni òkòtó ti ń jìyà, nítorí pé fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn kí àwo sì yí. Kò lè ṣà ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká sọ pé ẹyọ 10,000 ni kọ̀ǹpútà ní láti ṣà kí ó tó jí. Háàdì dísìkì yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 100. SSD oní-SATA rere, tí ó lè ṣa nǹkan bí 10,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá kan. NVMe rere, tí ó lè ṣa nǹkan bí 15,000, yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ dúró síbí kí ẹ wo ìṣirò yìí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ọgbọ́n orí yìí gbé sùn. Láti háàdì dísìkì bọ́ sí SSD èyíkéyìí, a jèrè ìṣẹ́jú-àáyá 99. Láti SATA bọ́ sí NVMe, nínú iṣẹ́ kan náà, ohun tí a jèrè kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú pẹ́. Nítorí náà, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gba ju SATA lọ kò ní ìdí láti banújẹ́, ẹni tí ó sì ta kọ̀ǹpútà rere nù nítorí àtilè ra èyí tí ó ní NVMe, láti máa fi tẹ lẹ́tà, ti kọjá ààlà ìwọ̀n. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Bí ẹ bá ń wo àbájáde CrystalDiskMark, ètò tí a fi ń wọn ìyára dísìkì, ìlà tí a kọ RND4K sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wo SEQ1M. Èkíní ni ti ẹ̀pà ilẹ̀, èkejì ni ti ẹrù ńlá.

Ohun kan tún wà tí ọlọ́jà ń ká sókè. Púpọ̀ nínú àwọn SSD TLC àti QLC máa ń ya apá kan nínú yàrá wọn sọ́tọ̀, wọn a sì máa lo apá náà bí ẹni pé SLC ni, kí kíkọ lè yá. Bí ẹrù kò bá pọ̀ ju apá náà lọ, ìyára tí a rí ni ti páálí. Bí ó bá kún, ojúlówó ìyára dísìkì yóò hàn, tí QLC mìíràn yóò sì já wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ti háàdì dísìkì. Ẹni tí ó fi ẹrù kékeré dán an wò ti wo apá òkè aṣọ nìkan. Ẹ tún wò bóyá dísìkì náà ní DRAM tirẹ̀, níbi tí baálé ń tọ́jú àwòrán ilé sí. Èyí tí kò ní, bí ó bá jẹ́ NVMe, lè yá díẹ̀ lò lára ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ti SATA kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ìṣe rẹ̀ a sì máa wúwo nígbà tí ó bá ti kún.

5. Ìwọ̀n kẹta: ìfaradà

Àwọn tí ń ṣe SSD máa ń kọ iye terabáìtì tí wọ́n ṣèlérí pé a lè kọ sórí rẹ̀, TBW ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú iye ọdún ẹ̀rí. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni ẹ̀rí ń parí sí. Ẹ jẹ́ kí á mú SSD TLC 500 gigabáìtì tí a kọ TBW 300 sí, iye tí ó wọ́pọ̀ fún irú rẹ̀. Terabáìtì 300 jẹ́ gigabáìtì 300,000. Bí ilé-ìtajà kan bá ń kọ gigabáìtì 20 lóòjọ́, èyí tí ó pọ̀ fún iṣẹ́ ìwé, 300,000 tí a pín sí 20 jẹ́ ọjọ́ 15,000, ìyẹn lé ní ọdún 41. Ìbẹ̀rù pé SSD yóò gbó kíákíá, tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Èkíní ni iná tí ó lọ lójijì nígbà tí baálé ń kó ẹrù láti yàrá kan sí òmíràn. Bátìrì ń gba alágbèéká là, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò ẹ̀rọ tí ń gbé iná dúró, èyí tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní onduleur. Èkejì ni ooru: NVMe tí ó bá gbóná tó ìwọ̀n 70 tàbí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò dín ìyára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti eruku ọyẹ́ tí ń dí ojú ihò atẹ́gùn kì í sì í ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ìfipamọ́ láìlò. Iná tí a sé mọ́ inú yàrá ń jò díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń yára jíjò rẹ̀. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tí ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún irú ẹ̀rọ báyìí, béèrè pé SSD kọ̀ǹpútà tí a ti lò dé òpin TBW rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, ní ìwọ̀n ooru 30. Èyí tí ó ṣì jẹ́ tuntun ń pa á mọ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé SSD tí ó ti gbó sínú àpótí lábẹ́ páànù gbígbóná, tí ó sì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀, kò yẹ kí ó retí pé ohun tí ó fi pamọ́ yóò wà bí ó ti fi í sí. Irinṣẹ́ ni SSD jẹ́. Àká kọ́ ni.

6. Ìwọ̀n kẹrin: òdodo

Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ pe olóòótọ́ lólè. Bí ẹ bá ra dísìkì 500 gigabáìtì tí Windows sì kọ 465 fún yín, kò sí ẹni tí ó ja yín: ẹni tí ó ṣe é ka báìtì 500,000,000,000, Windows sì pín in sí 1,073,741,824, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n, òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ayédèrú gan-an ni èyí tí a ti kọ́ olùdarí rẹ̀ láti purọ́. Ó lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun ní terabáìtì 2, nígbà tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju gigabáìtì 64 lọ; yóò máa gba ẹrù láìráhùn, ṣùgbọ́n bí 64 náà bá ti kún, a máa kọ tuntun lé orí ti àtijọ́, orúkọ fáìlì yóò sì wà níbẹ̀ bí sàréè tí kò sí òkú nínú rẹ̀. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Iṣẹ́ wa ni láti mú kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí a ra dísìkì, kí ó má baà jẹ́ ọjọ́ tí a wá fáìlì tì. Ètò H2testw lórí Windows àti F3 lórí Linux ń kọ ọ̀rọ̀ kún gbogbo àyè tí dísìkì sọ pé òun ní, wọn a sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tí a kọ ni a rí.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ bi dísìkì fúnra rẹ̀. SSD kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní SMART: wákàtí tí ó ti fi ṣiṣẹ́, iye terabáìtì tí a ti kọ sórí rẹ̀, ìdá tí ó kù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, àti yàrá tí ó ti bàjẹ́. Ètò CrystalDiskInfo, tí a kì í sanwó fún, ń ka ìwé náà síta. Dísìkì tí a pè ní tuntun tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún wákàtí ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí.

7. Ìdánwò lẹ́sẹẹsẹ

Ìlànà yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé nínú yàrá ìdánwò, kí ẹ sì kọ àbájáde ìpele kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

(a) Ẹ ka ìwé àlàyé kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ irú ojúhò tí ó ní àti ìran SATA tàbí PCIe rẹ̀.
(b) Ẹ fi CrystalDiskInfo ka SMART kí ẹ tó kọ ohunkóhun sórí dísìkì.
(d) Ẹ fi H2testw tàbí F3 kún un dé ẹnu, kí ẹ sì kà á padà. Bí dísìkì bá jẹ́ ayédèrú, èyí lè ba ohun tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ kó ẹrù kúrò lórí tòkunbọ̀ ná.
(e) Bí ìdánwò ti ń lọ, ẹ máa wo ìyára kíkọ. Ibi tí ó bá ti já wálẹ̀ ni apá SLC rẹ̀ parí sí. Ẹ máa wo ìwọ̀n ooru pẹ̀lú.
(ẹ) Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ẹ fi CrystalDiskMark wọn RND4K àti SEQ1M ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ sì mú èyí tí ó wà láàárín.
(f) Ẹ fi ẹrù kún ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dísìkì náà, kí ẹ tún wọn RND4K. Dísìkì rere kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

8. Àpẹẹrẹ

Ká sọ pé obìnrin Anango kan ní ilé-ìtajà ní Brobo, tí ó ń tẹ ìwé, tí ó ń ṣe ẹ̀dà, tí ó sì ń tẹ fọ́tò ìwé ìrìnnà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ní SATA ìran kẹta, kò sì ní ojúhò M.2. Wọ́n fi dísìkì mẹ́ta lọ̀ ọ́, fún ìṣirò nìkan ni a sì fún wọn ní iye owó yìí: A jẹ́ SATA TLC 500 gigabáìtì, TBW 300, ní fráǹkì CFA 30,000, B jẹ́ NVMe 500 gigabáìtì tí ó ń ṣe 3,500, ní 35,000, D jẹ́ SATA terabáìtì 2 tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, tí kò sì ní TBW, ní 20,000.

Ìwọ̀n kìíní yọ B kúrò, nítorí kò sí ojú tí kọ̀ǹpútà yóò fi gbà á, nọ́ńbà rẹ̀ tí ó ga kò sì lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ku A àti D. Gigabáìtì kan lórí A jẹ́ 60 fráǹkì. Lórí D, ó jẹ́ 10. Ọmọdé lè sọ pé ìlọ́po mẹ́fà ni èrè. Ẹni tí ó ti ra aṣọ rí yóò béèrè ìdí tí ọlọ́jà kan fi lè ta ohun kan náà ní ìdá kan nínú mẹ́fà owó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sì tún jèrè. Ìwọ̀n kẹrin ni yóò dá a lóhùn, òun ni a ó sì jẹ́ kí ó dá a lóhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́. A ni yóò rà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀: 500 gigabáìtì tó fún iṣẹ́ rẹ̀, ọdún 41 sì kọjá ọjọ́ ayé kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀.

Bí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì bá ń ṣe àtúntò fíìmù lórí alágbèéká tí ó ní ojúhò NVMe, ẹjọ́ náà yí padà. Ẹrù ńlá ni òun ń gbé lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú tí B yóò dín kù fún un pọ̀, owó 5,000 tí ó fi lé e kò sì ṣòfò. Dísìkì kan náà ni a dá lẹ́bi nínú ilé ìyá tí a sì dá láre nínú ilé ọmọ. Iṣẹ́ ni ó ṣe ìdájọ́.

9. Ohun tí kò sí dísìkì tí ó lè ṣe

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Yunifásítì ìlú náà ní láti kó lọ sí Abidjan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé. Ẹni tí ìwé gbèsè òwò rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ àti fọ́tò ìyá rẹ̀ wà ní ibì kan ṣoṣo, ibì kan ṣoṣo ni a ti lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. SSD tí ó yege nínú gbogbo ìwọ̀n wa ṣì lè kú lójijì, láìkìlọ̀. Háàdì dísìkì a máa ké kí ó tó kú, ṣùgbọ́n SSD a máa kú bí fìtílà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ pa. Ẹyẹ kò lè fi apá kan fò. Ẹ̀dà kan kí ó wà lórí SSD tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kejì kí ó wà lórí háàdì dísìkì, nítorí pé òkòtó àgbà náà ṣì dára fún àká. Ẹ̀dà kẹta kí ó wà ní ìlú mìíràn, bóyá lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Abidjan tàbí ní Èjìgbò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àkópọ̀

Ìwọ̀n mẹ́rin ni a fi ń tú SSD wò: ìbáamu, ìyára, ìfaradà àti òdodo. Ìbáamu ni ó ṣáájú, nítorí ohun tí kò wọlé kò lè ṣiṣẹ́. Nínú ìyára, ti ẹrù wẹ́wẹ́ ni ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìfaradà jẹ́ ìṣirò, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Òdodo kò sí lára páálí, inú ìdánwò ni ó wà. Lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni owó ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè

1. Fi ìkòkò omi ṣàlàyé ìdí tí QLC fi ń tètè gbó ju SLC lọ.
2. Dísìkì kan ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣírò ìdajì àkókò tí ó fi ń yí lẹ́ẹ̀kan.
3. Dísìkì 1 terabáìtì ní TBW 600. Ọdún mélòó ni yóò lò bí a bá ń kọ gigabáìtì 50 sórí rẹ̀ lóòjọ́?
4. Ọ̀rẹ́ rẹ ra SSD 250 gigabáìtì, Windows sì fi 232 hàn án. Ó fẹ́ lọ bá ọlọ́jà jà. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un?
5. Wá kọ̀ǹpútà kan ní ilé rẹ tàbí ní ilé-ìtajà kan ní àdúgbò rẹ. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í irú iṣẹ́ tí ó ń fi í ṣe kí o tó wo inú rẹ̀, kí o sì kọ ojú-ìwé kan lórí SSD tí ó yẹ ẹ́, pẹ̀lú ìdí rẹ.
6. Ka iye ibi tí fọ́tò ìyá rẹ wà lónìí. Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ṣe ẹ̀dà kejì kí o tó wá sí kíláàsì.